Jíìpù Tí Kò Mọ Ẹ̀gbọ́n

Gẹ̀lẹ́tẹ́, jíìpù oníná mi, kúnlẹ̀ fún Ẹ̀gbọ́n Táíwò bí ẹni pé òun ló bí i. Ó ká orúnkún iwájú méjèèjì, ó ká ti ẹ̀yìn, ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá yẹ̀pẹ̀, ó wá ṣí ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá," ni jíìpù náà wí. "Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n nínú ọkọ̀ yìí, ẹ̀yin lẹ làṣẹ. Ẹ wọlé, kí ẹ fìdí lélẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n Kẹ́hìndé wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó ti gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, ó ń retí tiẹ̀. Kàkà kí jíìpù kúnlẹ̀ fún un, ṣe ló na orúnkún ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ tán pátápátá, ilẹ̀kùn sì ga lọ sókè bí ibi tí àṣá ń yé ẹyin sí.

"Ẹ káàárọ̀, àbúrò," ni jíìpù wí. "Ẹ gbìyànjú kí ẹ fò díẹ̀."

"Ta ni àbúrò?" Igbe tí Ẹ̀gbọ́n Kẹ́hìndé ké, mo búra, gbogbo ẹyin tó wà lábẹ́ adìẹ títí dé Lànlátẹ̀ ló pa láìpé ọjọ́. "Ìdòwú! Ìdòwú o! Kí ni irin tí o kàn pọ̀ yìí ń pè mí?"

Èmi ni Ìdòwú, èmi ni wọ́n bí tẹ̀lé àwọn méjèèjì. Ẹ sì mọ ohun tí wọ́n ń pe Ìdòwú: èṣù lẹ́yìn ìbejì. Nígbà tí wọ́n bí mi, agbẹ̀bí gbá mi nídìí kí n lè ké, èmi náà gbá a padà, òun ló ké. Iṣẹ́ orúnkún ọkọ̀ ni mò ń ṣe. Bí ẹ bá rí jíìpù oníná kankan láti Igbó-Ọrà dé Ìgàngàn tó ń ti inú kòtò bọ́ sí kòtò tí ẹni inú rẹ̀ sì ń hanrun, ọwọ́ mi ló ti kọjá níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni mò ń dì sínú orúnkún kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú òróró àti sípíríǹgì. Bí mo bá dì í le, ó le bí orí òkúta. Bí mo bá dẹ̀ ẹ́, ó rọ̀ bí ìṣù ẹ̀kọ tí òjò pa.

Mo sáré yíká jíìpù. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ọpọlọ tí wọ́n fi sínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ ni kò gbọ́n. Aago ilé ìgbẹ̀bí ló ń kà."

"Aago wo? Ta ló rán Táíwò wá? Ṣé aago ló rán an ni, àbí èmi?"

Ó rí i sọ. Ní Igbó-Ọrà tiwa, ìbejì pọ̀ débi pé bí ewúrẹ́ bá bí ẹyọ kan ṣoṣo, a máa ń lọ bá olówó rẹ̀ kẹ́dùn. Kò sí ọmọdé níbẹ̀ tí kò mọ̀ pé Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n. Òun ló wà nínú lọ́hùn-ún tó ní, "Táíwò, lọ bá mi tọ́ ayé wò, bó bá dùn, kí o ké, kí n máa bọ̀." Táíwò jáde, ó tọ́ ọ wò, ó ké, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì rọra tẹ̀lé e bí ọlọ́lá.

Mo yíjú sí Ọ̀gá Ṣọ̀mídé. Òun ni aṣàyẹ̀wò tí Àjọ Ìrọ̀rùn Ìdí rán sí mi láti Abẹ́òkúta. Obìnrin gbọ̀ngbọ̀nràn ni, ó dé fìlà ribiti, ó sì ní òǹtẹ̀ ìjọba lára àtàǹpàkò. Kì í ṣe pé ó mú un dání o. Inú ẹran àtàǹpàkò rẹ̀ ni wọ́n rì í sí. Bó bá gbà, àtàǹpàkò á tan iná àwọ̀ ewé. Bó bá kọ̀, á pọ́n bí ata.

"Ọ̀gá," mo ní, "ẹ bá mi wò ó. Jíìpù yìí ti ṣì í. Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n."

"Ìwé ìbí sọ pé Táíwò ló kọ́kọ́ jáde."

"Ìránṣẹ́ ọba ló máa ń ṣáájú ọba wọlé. Ṣé ìránṣẹ́ ló wá di ọba?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó tún fa ojú ro. "Ọ̀gá Ìdòwú, mo gbọ́ ẹjọ́ yín. Ṣùgbọ́n Òfin Ìdí Àgbà ni mo wá fi dán jíìpù yín wò. Ẹni tó dàgbà jù nínú ọkọ̀, òun ni yóò máa sọ bí orúnkún yóò ṣe le tó. A ó gbé àwọn Màmá méjèèjì dé Èrúwà. Mo máa bi wọ́n bóyá ara tù wọ́n. Bí ẹnu wọn ò bá kò, ti ẹ̀gbọ́n ló ń lékè."

"Bó bá wá ní ara ò tu òun ńkọ́?"

"Mo máa ti ìsọ̀ yín, wọn á sì gé orúnkún jíìpù yìí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn. Wọ́n mú mi lọ sílé ìwé, mo sá padà kí ẹni tó mú mi lọ tó délé. Bí wọ́n bá ti ìsọ̀ yìí, ìgbín ni n ó máa dà lọ jẹko. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ní kí Ẹ̀gbọ́n Kẹ́hìndé tẹ ẹ̀yìn mi wọ ọkọ̀. Ó tẹ̀ mí. Ó tún dúró lórí mi díẹ̀ kí Táíwò lè rí i dáadáa.

"Ṣé o rí i?" ni Ẹ̀gbọ́n Kẹ́hìndé wí. "Èèyàn ló ń kúnlẹ̀ fún èmi. Irin ló ń kúnlẹ̀ fún ìwọ."

"Bí mo bá ṣáà ti jókòó," ni Ẹ̀gbọ́n Táíwò fèsì.

A gbéra. Jíìpù ló ń wa ara rẹ̀, èmi jókòó síwájú nídìí àwọn bọ́tìnnì orúnkún, Ọ̀gá Ṣọ̀mídé bọ́ sáàárín àwọn ìbejì lẹ́yìn. Ẹ má sì rò pé ọ̀nà tí ẹ mọ̀ là ń sọ. Wọ́n ní láyé àtijọ́, àwọn èèyàn máa ń tún títì ṣe. Ìgbà tí jíìpù olórúnkún wá dé, ìjọba ìgbà náà ní kí la tún ń da ọ̀dà sílẹ̀ fún? Wọ́n fi òfin dè é. Rájí, aládùúgbò wa, da yẹ̀pẹ̀ kékeré kan sí kòtò iwájú ilé rẹ̀ kí ọmọ má baà kó sí i. Oṣù tó kọjá ló tẹ̀wọ̀n dé. Kòtò ọ̀nà Èrúwà ti dàgbà báyìí, wọ́n ní orúkọ. Kòtò Ẹlẹ́ja wà níbẹ̀, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi pẹja nínú rẹ̀. Kòtò kan sì tóbi débi pé ó ní baálẹ̀ tirẹ̀, baálẹ̀ ọ̀hún sì ń bá baálẹ̀ kòtò kejì jà lórí ààlà.

"Gẹ̀lẹ́tẹ́," ni Ẹ̀gbọ́n Táíwò pè, "rọ̀."

"Mo ti rọ̀, Màmá."

"Rọ̀ sí i."

Fóòmù ni Ẹ̀gbọ́n Táíwò tà títí ó fi fẹ̀yìn tì, kò sì gbà pé ohunkóhun lè rọ̀ jù láyé. Jíìpù rọ̀ títí. Ẹ sì mọ̀ pé bátìrì tó wà lábẹ́ jíìpù oníná wúwo bí ìgbà tí èèyàn di àpáta mọ́ ikùn ẹṣin. Bí orúnkún bá rọ̀ jù lábẹ́ ẹrù bẹ́ẹ̀, kì í rìn mọ́, ó ń fì ni. A fì sí ọ̀tún, a rí Ìbàdàn. A fì sí òsì, a rí Kútọnu. Ẹ̀rọ rẹ̀ kì í pariwo, nítorí náà ohun kan ṣoṣo tí à ń gbọ́ ni ìjókòó tó ń hanrun lábẹ́ wa.

"Áà," ni Ẹ̀gbọ́n Táíwò ń wí, ojú rẹ̀ dí. "Bí ẹni tí wọ́n pọ̀n sẹ́yìn."

"Bí ẹni tí wọ́n jù sódò," ni Ẹ̀gbọ́n Kẹ́hìndé wí. "Ọmọ mi, ìwọ aṣàyẹ̀wò, ṣé ìwọ náà mọ ibi tórí rẹ wà?"

Ọ̀gá Ṣọ̀mídé fọwọ́ kan fìlà rẹ̀. Ó di ìjókòó mú, ètè rẹ̀ ti funfun.

"Ẹ̀gbọ́n Táíwò," mo ní, "ẹ jẹ́ kí n dì í le díẹ̀."

"Má fọwọ́ kàn án! Èmi ni jíìpù ń gbọ́ tèmi."

A wọ Kòtò Ẹlẹ́ja. Imú jíìpù lọ sísàlẹ̀, ó tún gòkè, ó tún lọ sísàlẹ̀, a ti jáde kúrò nínú kòtò tipẹ́tipẹ́, ó ṣì ń kí i. Nígbà náà ni Ẹ̀gbọ́n Táíwò nawọ́ gán fìlà Ọ̀gá Ṣọ̀mídé lórí rẹ̀, ó sì da ẹ̀bà àná sínú rẹ̀, ó tẹ̀lé e pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín òwúrọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ mi," ó ní. "Fìlà yín ló sún mọ́ mi jù."

Ọ̀gá Ṣọ̀mídé wo fìlà rẹ̀. "Kò séwu, Màmá," ó wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ tín-ín-rín bí ti ẹ̀fọn.

Ẹ̀gbọ́n Kẹ́hìndé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó na ara rẹ̀ gbọnran. "Táíwò, mo fẹ́ rán ẹ níṣẹ́."

"Iṣẹ́ wo?"

"Lọ bá mi tọ́ líle wò. Bí kò bá dára, padà wá sọ fún mi."

Ẹ̀gbọ́n Táíwò nu ẹnu. Mo rí i tó fẹ́ kọ̀. Ṣùgbọ́n láti inú ìyá wa ni wọ́n ti ń rán an, kò sì tíì kọ iṣẹ́ kan rí. "Gẹ̀lẹ́tẹ́," ó ní, "ó dáa, le."

Gẹ̀lẹ́tẹ́ le gan-an. Orúnkún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gan, ó di bí ìgbà tí èèyàn jókòó sórí odó tó ń sáré. Kò tún sí fífì mọ́. Àfi kó-kó-kó, gbì, kó-kó. Táyà jíìpù ìwòyí ga, ṣùgbọ́n rọ́bà ara rẹ̀ tín-ín-rín bí ètè ẹja, òkúta wẹ́wẹ́ tí a gùn lórí, a lè sọ èwo ló jẹ́ akọ. A sáré débi pé ohùn wa ò lè bá wa mọ́. Ohun tí mo sọ ní Kòtò Ẹlẹ́ja, Èrúwà ni mo ti gbọ́ ọ.

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ojú Ẹ̀gbọ́n Táíwò là. Ó jókòó gagaga, ó ń yọjú wo ìta. "Ẹ wò ó, mo ń mọ ibi tí ọ̀nà wà! Igi òwú nìyẹn! Òkúta nìyí! Gbì! Ẹ ò rí i pé mo mọ̀ pé yóò wá!"

Ẹ̀gbọ́n Kẹ́hìndé ti wa katakata ní oko àjùmọ̀dá fún ìgbà pípẹ́, ojoojúmọ́ ló sì ń yangàn pé nǹkan líle lòun mọ̀. Mo yẹ̀ ẹ́ wò nínú dígí, mo rí i pé ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìdí ara rẹ̀ sókè kúrò lórí ìjókòó.

"Ẹ̀gbọ́n Kẹ́hìndé," mo ní, "ṣé bí katakata ló rí?"

"Dákẹ́ ẹnu rẹ."

"Fóòmù ńlá ni mo fún un tó fi sórí ìjókòó katakata náà," ni Ẹ̀gbọ́n Táíwò wí. "Odindi méjì. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni."

A dé Èrúwà. Jíìpù dúró lábẹ́ igi máńgòrò kan. Ọ̀gá Ṣọ̀mídé sọ̀kalẹ̀, ó da ohun tó wà nínú fìlà rẹ̀ nù, ó na àtàǹpàkò síta. Ọkàn mi ń lù débi tí àwọn èèyàn tó ń kọjá fi ń wò yíká láti mọ ilé tí wọ́n ti ń gúnyán.

"Màmá Táíwò, ṣé ara tù yín?"

"Ó tù mí. Líle yẹn dára. Mi ò mọ̀ pé ó dára."

"Màmá Kẹ́hìndé?"

Ẹ̀gbọ́n Kẹ́hìndé gbé àgbọ̀n sókè. "Ara ò tù mí. Ìdí mi ti pín sí mẹ́ta."

"Ẹnu ò kò," ni Ọ̀gá Ṣọ̀mídé wí. "Ti ẹ̀gbọ́n ló lékè. Lọ́dọ̀ jíìpù, Táíwò lẹ̀gbọ́n. Ara tu ẹ̀gbọ́n." Mo rí i, àtàǹpàkò rẹ̀ ti ń mú àwọ̀ ewé bọ̀ láti ìdí èékánná. Mo ti fẹ́ fò sókè nígbà tó ká a padà. "Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ fún mi láàárọ̀ pé jíìpù ṣì í. Bí ẹ bá ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn, mi ò lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ọ̀gá Ìdòwú, ta lẹ̀gbọ́n?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti purọ́ rí. Mo ti sọ fún ọlọ́pàá pé ẹgbọrọ màlúù ló ń wa ọkọ̀ mi. Mo ti sọ fún ìyàwó mi pé afẹ́fẹ́ ló jẹ ẹran inú ìkòkò. Orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí n pè báyìí, ìsọ̀ mi á sì ṣí títí ayé, ahọ́n mi wá wúwo bí bátìrì.

Ẹ̀gbọ́n Táíwò fa aṣọ mi. "Pè mí," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Pè mí, kí o gba àṣẹ rẹ, ká máa lọlé. Mi ò ní fi ṣe nǹkan kan."

Ẹ̀gbọ́n Kẹ́hìndé ò fa aṣọ mi, kò bẹ̀ mí, kò bú mi. Ó yíjú sí ara igi máńgòrò, ó ń ká etí ìró rẹ̀, ó ń tú u.

"Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n," mo ní. "Lánàá, lónìí, títí jíìpù á fi hu irùngbọ̀n."

Àtàǹpàkò pọ́n. Ó pọ́n débi pé ewúrẹ́ kan tó ń kọjá dúró, ó rò pé iná ti ràn.

Mo jókòó sílẹ̀. Mo ti ń ro ìgbín, bí wọ́n ṣe ń rìn àti iye ọdún tí a ó fi dé oko. Ẹ̀gbọ́n Kẹ́hìndé yíjú padà, ó wò mí, ó ní, "Ọ̀dẹ̀," ohùn rẹ̀ sì gbọ̀n.

Ọ̀gá Ṣọ̀mídé ò lọ. Ó dúró, ó ń wo àtàǹpàkò ara rẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀gún gún. "Àbí ẹ gbọ́ ná," ó ní. "Bó bá jẹ́ Kẹ́hìndé lẹ̀gbọ́n, a jẹ́ pé ìdí àbúrò ni jíìpù yìí ń gbọ́ràn sí láti Igbó-Ọrà. Kò tíì gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n rárá. A ò tíì dán nǹkan kan wò nìyẹn."

"Kí ló kù báyìí, Ọ̀gá?" mo béèrè.

"Òfin fàyè gbà á pé kí ẹni tí jíìpù kà sí àgbà gbé ipò náà fún ẹlòmíràn níwájú mi. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Bó bá sọ ọ́, a ó tún ìdánwò ṣe bí a ṣe ń padà lọ."

Ẹ̀gbọ́n Táíwò ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó ti gbá bónẹ́ẹ̀tì jíìpù pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́. "Gẹ̀lẹ́tẹ́, gbọ́ mi. Èmi ò ju ìránṣẹ́ lọ. Ọ̀gá mi ló dúró lọ́hùn-ún yẹn tó ń fajú ro. Òun ni kí o máa gbọ́ tiẹ̀."

Iná iwájú jíìpù ṣẹ́jú. "Ìránṣẹ́ kí ni, Màmá?"

"Èyí tí wọ́n rán wá tọ́ ayé wò."

Ó tún ṣẹ́jú. Mo rò pé ọpọlọ rẹ̀ ti jóná. "Mo ti gbọ́," ó wí nígbà tó yá. "Màmá Kẹ́hìndé, ẹ foríjì mí. Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Kí n rọ̀ ni, tàbí kí n le?"

A ti jókòó sínú rẹ̀ tán kí Ẹ̀gbọ́n Kẹ́hìndé tó lanu. Ó gbójú sókè, ó gbé e sílẹ̀. Ó wo Ẹ̀gbọ́n Táíwò. "Táíwò, èwo lo fẹ́?"

"Èmi kọ́ ni wọ́n bi."

"Èmi ló ń bi ẹ́. Mi ò fẹ́ kí o tún bì sí mi lára."

Ẹ̀gbọ́n Táíwò ronú. "Èyí tó ṣù pọ̀, tí kò sì le. Bí iyán tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gún."

"Gẹ̀lẹ́tẹ́," ni Ẹ̀gbọ́n Kẹ́hìndé pàṣẹ, "ṣe bí iyán."

"Mi ò tíì jẹ iyán rí, Màmá."

Iṣẹ́ wá di tèmi. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń yí bọ́tìnnì, àwọn méjèèjì sì ń kọ́ mi lẹ́yìn bí ẹni tó ń kọ́ ìyàwó tuntun bí wọ́n ṣe ń gúnyán.

"Ó ti ní kókó jù, dẹ̀ ẹ́!"

"Ó ti yọ̀! Ìdòwú, ó ti yọ̀, dì í!"

"Ti ẹ̀yìn ló yẹ kó le ju ti iwájú, ẹ̀yìn ni ẹrù wà."

"Ta lo ń pè ní ẹrù?" ni Ẹ̀gbọ́n Táíwò bi í.

"Ìwọ ni. Ṣé kò sí dígí nílé yín ni?"

Nígbà tí a padà dé Kòtò Ẹlẹ́ja, a ti mú un. Jíìpù wọ inú rẹ̀ bí àgbàlagbà tó ń wọ odò tó mọ̀ láti kékeré, ó fẹsẹ̀ kan síbí, ó fẹsẹ̀ kan sọ́hùn-ún, ó gun òdìkejì, ó sì dúró jẹ́ẹ́. Kò tún juwọ́ sí kòtò lẹ́yìn tó ti jáde. Apẹja kan tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi kí wa, Ọ̀gá Ṣọ̀mídé sì kí i padà. Ètè rẹ̀ ti pa dà sí dúdú rẹ̀.

A dé iwájú ìsọ̀ mi. Ó na àtàǹpàkò síta. "Màmá Kẹ́hìndé, ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ẹ̀gbọ́n, ṣé ara tù yín?"

"Ó tù wá," ni Ẹ̀gbọ́n Kẹ́hìndé àti Ẹ̀gbọ́n Táíwò dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n wo ara wọn tìbínútìbínú nítorí ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́.

Àtàǹpàkò mú àwọ̀ ewé, ó tàn débi pé àgbàdo tó wà lẹ́yìn ilé hù sí i. Ọ̀gá Ṣọ̀mídé tẹ̀ ẹ́ mọ́ bónẹ́ẹ̀tì Gẹ̀lẹ́tẹ́, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ìsọ̀ mi. Mo fẹ́ gbé e jó, mo rántí pé ìjọba ni.

"Ẹ̀yin ńkọ́, Ọ̀gá Ìdòwú?" ó bi mí. "Ẹ̀yin tí ẹ ṣe orúnkún yìí. Ṣé ara tu ẹ̀yin náà?"

Mo dìde lórí ìjókòó iwájú tí mo ṣì wà kí n lè dá a lóhùn dáadáa. Àfi bí nǹkan ṣe já bọ́ láti abẹ́ ìdí mi, gbàǹgbà, sílẹ̀ jíìpù. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ wò ó. Sípánà ńlá tí mo ń wá láti ìjẹta ni, èyí tí mo fi ń di nọ́ọ̀tì táyà. Orí rẹ̀ ni mo jókòó lé láti Igbó-Ọrà lọ sí Èrúwà àti láti Èrúwà padà.

"Ó tù mí," mo ní.